Ọgbà Òkú Abà Ọ̀gànwó

Ìbàdàn kì í sin òkú sóko. Ọ̀rọ̀ yìí kò sí nínú òfin ìjọba, kò sí nínú Bíbélì, kò sì sí nínú Àlùkùránì, ṣùgbọ́n kò sí ọmọ agbo ilé kan ní Ọjà'ba, ní Bẹẹrẹ tàbí ní Bẹ́yẹrúnkà tí kò mọ̀ ọ́n. Oko loko, ilé nilé. Èèyàn lè lo gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ lóko, kí ó gbin kòkó síbẹ̀, kí ó bímọ síbẹ̀, kí irun orí rẹ̀ funfun síbẹ̀. Bí ó bá kú, ilé ni wọ́n ń gbé e lọ. Bí àìsàn bá tilẹ̀ ti wọ̀ ọ́ lára débi tí ojú rẹ̀ ń yí, kí ẹ̀mí tó bọ́ ni wọ́n ti ń wá ọkọ̀, kí ayé má baà sọ pé ó kú sóko bí ẹni tí kò lẹ́nìkan.

Ìdí nìyẹn tí ọgbà òkú tó wà ní ṣọ́ọ̀ṣì Abà Ọ̀gànwó fi ṣófo láti ọjọ́ tí wọ́n ti là á.

Ọládiípọ̀ kò rántí ọgbà náà mọ́ títí ó fi padà dé. Ọdún gbọọrọ ló fi jẹ́ tẹ́là ní Jọ́ọ̀sì. Ibẹ̀ ló ti fẹ́yàwó, ibẹ̀ náà ló sin ín sí. Nígbà tí àwọn ọmọ tú ká, tí ojú rẹ̀ kò sì rí ihò abẹ́rẹ́ mọ́, ó fi ẹ̀rọ ìránṣọ sílẹ̀ fún ọmọṣẹ́ rẹ̀, ó di ẹrù, ó ní òun ń lọ sílé. Kò sọ pé òun ń lọ kú. Kò sẹ́ni tó ń sọ bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí ó sọ̀ nínú ọkọ̀ ní Ọjà'ba, tí ó ní kí ọlọ́kadà kan gbé òun dé ilé Ògúndẹ́pò ní Bẹ́yẹrúnkà, ọlọ́kadà náà wo fìlà orí rẹ̀, ó ní:

"Àlàájì, ẹ mà gbọ́ Yorùbá o."

"Ọmọ Ìbàdàn ni mí."

"Háà! Ẹ má bínú, sà. Ọ̀rọ̀ yín ló ń wọ́ ẹsẹ̀ bíi ti àwọn ará Òkè Ọya."

Ilé náà ṣì wà ní ìsàlẹ̀ Màpó níbi tí ó fi í sí. Páànù rẹ̀ ti dípẹtà, yàrá tó kọjú sí títì ti di ṣọ́ọ̀bù, ògiri àárín ilé sì ti tẹ̀ síwájú bí àgbà tó ń wá nǹkan nílẹ̀. Nínú àwọn tí wọ́n jọ ta òkòtó rí, Yẹ̀kínì nìkan ló bá, ọmọ àbúrò bàbá rẹ̀, ẹni tó ti di Mọ́gàjí, olórí agbo ilé, báyìí. Wọ́n dì mọ́ ara wọn, wọ́n bú ara wọn díẹ̀ bí wọ́n ṣe máa ń ṣe, kí Ọládiípọ̀ tó béèrè ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Ẹ̀bùnọlá.

"Kò sí ńlé," Yẹ̀kínì ní. "Ó wà lóko. Ó ní òun ń ṣọ́ ṣọ́ọ̀ṣì."

"Ṣọ́ọ̀ṣì wo? Èyí tí Tíṣà kọ́ yẹn? Ó ṣì wà?"

"Ó wà dáadáa. Àwọn àdán ń kírun márààrún níbẹ̀." Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e. Nígbà tí ikọ́ náà fi í sílẹ̀, kò rẹ́rìn-ín mọ́. "Bá mi bá a sọ̀rọ̀, Ládiípọ̀. Ara rẹ̀ ò le. Kó wálé."

Lọ́jọ́ kejì, Ọládiípọ̀ wọkọ̀ ní Bẹẹrẹ, ó tún gun ọ̀kadà láti ìkòríta. Igbó kòkó ni ó ń retí, èyí tó máa ń ṣú bí yàrá tí kò ní fèrèsé. Kò rí i. Ilẹ̀ pupa ló rí, tí wọ́n ti hó lára bí ẹran, àti àwọn òpó sìmẹ́ńtì kéékèèké tí àwọn awọ̀nlẹ̀ máa ń rì mọ́lẹ̀, nọ́ńbà dúdú lára wọn. Ìlú ti ń rìn bọ̀ wá bá oko. Abà tí ọmọdé lè sọnù sí nígbà kan ti ku ilé mélòó kan, arúgbó ló sì wà nínú wọn.

Ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀ṣì náà dúró.

Kékeré ni Ọládiípọ̀ nígbà tí wọ́n kọ́ ọ. Ṣáájú rẹ̀, àgọ́ ọparun tí wọ́n fi ewé gbòdògì bò ni ìjọ ti ń pàdé, àfi ìgbà tí ìjì gbé e lọ lọ́jọ́ ìkórè kan, tòun ti iṣu orí pẹpẹ. Àwọn aládùúgbò tí kì í ṣe onígbàgbọ́ rí iṣu he lọ́jọ́ náà, wọ́n sì fi ṣẹ̀fẹ̀ títí ọdún fi yí. Tíṣà Ṣóyẹmí ní kò burú, ilé tí ìjì kò ní lè gbé ni àwọn máa kọ́. Ẹ̀gbá ni Tíṣà yìí. Ìjọ ìyá tó wà nílé ló rán an wá, kí ó máa kọ́ àwọn ọmọ ní ABD láàárín ọ̀sẹ̀, kí ó sì máa wàásù lọ́jọ́ Ìsinmi. Kò kọ́ṣẹ́ ilé kíkọ́ rí. Igi ló fi ya ṣọ́ọ̀ṣì náà sórí yẹ̀pẹ̀, gbogbo abà sì dúró yí i ká, wọ́n ń wo ilé Ọlọ́run nílẹ̀.

Ọ̀wẹ̀ ni wọ́n fi kọ́ ọ. Kìrìsìtẹ́nì, Mùsùlùmí, àti àwọn tí kò tíì mú ọ̀kan, gbogbo wọn ló tẹ amọ̀. Ìpele kan ni wọ́n ń mọ lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n á fi í sílẹ̀ kí oòrùn jẹ ẹ́ gan-an kí wọ́n tó gbé òmíràn lé e lórí, ilé kọ̀ọ̀kan ló sì ni ìpele tirẹ̀. Bí oòrùn ìrọ̀lẹ́ bá ba ògiri náà níbi tí ẹfun ti ṣí kúrò, èèyàn ṣì lè mọ̀ wọ́n yàtọ̀: èyí tó pọ́n jẹ́ ti àwọn tó gbẹ́ amọ̀ wọn létí odò, èyí tó ṣú jẹ́ ti àwọn tó bu tiwọn nídìí igi ọ̀gànwó. Ìpele ìsàlẹ̀ pátápátá, èyí tó ru gbogbo ìyókù, bàbá Ọládiípọ̀ ló ni ín. Ìyá rẹ̀ ló tẹ amọ̀ rẹ̀, Ẹ̀bùnọlá sì ń ti ẹ̀yìn rẹ̀ da omi sí i.

Fèrèsé ibẹ̀ ga, ó sì tín-ín-rín, orí rẹ̀ ká bí ọrun. Irin tí wọ́n fi ń de àgbá ni Tíṣà fi ṣe òṣùwọ̀n ìká náà, ìdí nìyẹn tí gbogbo wọn fi bára mu, àyàfi èyí tó sún mọ́ pẹpẹ, nítorí pé irin náà ti tẹ̀ kí wọ́n tó dé ibẹ̀. Odó igi apá ni wọ́n fi ṣe ibi ìrìbọmi, wọ́n gbé abọ́ tánganran sínú rẹ̀. Nínú abọ́ yẹn ni wọ́n ti da omi lé Ọládiípọ̀ lórí. Agogo kò sí. Ègé irin rélùwéè kan ni wọ́n so rọ̀.

Ohun kan ṣoṣo ni àwọn àgbà bá Tíṣà jà sí. Ó ní pẹpẹ gbọ́dọ̀ wà níhà tí oòrùn ti ń yọ. Níhà yẹn gan-an sì ni abà wà, nítorí náà ẹ̀yìn ni ṣọ́ọ̀ṣì kọ sí wọn, ẹnu ọ̀nà rẹ̀ sì kọjú sí igbó.

"Tíṣà, ẹ má jẹ́ kí ilé Ọlọ́run kẹ̀yìn sí wa," ni wọ́n wí.

Tíṣà kò yí i padà. Ààrin abà àti ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì yẹn náà ló la ọgbà òkú sí, ó gbin pèrègún yí i ká. "Kí olúkúlùkù máa gba ẹ̀gbẹ́ ibùsùn rẹ̀ kọjá kí ó tó wá kọrin," ni ó wí. Àwọn èèyàn wo ara wọn. Àlejò ni, kò mọ̀. Wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ débi pé kò sẹ́ni tó lè la ẹnu sọ fún un pé kò ní rí ẹnì kan sin síbẹ̀. Ọdọọdún ni wọ́n ń bá a ro ọgbà náà, bí ẹni ń ro oko tí wọn kò gbin nǹkan sí. Nígbà tí òun alára sì kú, àwọn ẹbí rẹ̀ wá láti Abẹ́òkúta, wọ́n gbé e lọ.

Nínú ọgbà yìí ni Ọládiípọ̀ ti bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó jókòó sórí àpótí, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì wú bí odó, ó ń fi ọkọ́ kékeré ha koríko.

"Ìwọ rèé," ó ní, kò tilẹ̀ dìde. "O pẹ́ lọ́jà."

Ọládiípọ̀ dọ̀bálẹ̀ sórí ilẹ̀ tútù yẹn, omi sì bọ́ lójú rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́. Kí lẹ ń ro níbi tí kò sí nǹkan yìí?"

"Ilé mi."

Ó rò pé àwàdà ni. Ẹ̀bùnọlá kò sọ ọ́ mọ́ títí wọ́n fi jẹun tán, títí wọ́n fi sọ̀rọ̀ gbogbo ẹni tó ti kú tán, tí wọ́n sì wọ inú ṣọ́ọ̀ṣì lọ. Òun ni Ìyá Ìjọ. Òun ló ń ṣí i, òun ló ń gbá a. Òórùn àdán ló kọ́kọ́ pàdé wọn. Àwọn àga tó ṣẹ́kù kò pọ̀, wọ́n ti sún wọn jọ sábẹ́ ibi tí páànù kò tíì jò. Ikán ti ya ọ̀nà pupa gba ara ògiri lọ sókè. Ọládiípọ̀ gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ìpele ìsàlẹ̀, ó tutù, amọ̀ sì bá ọwọ́ rẹ̀ wá.

"Ó ń yọ́," ó ní.

"Ó ti pẹ́ tó ti ń yọ́. Èmi náà ń yọ́." Ẹ̀bùnọlá jókòó. "Gbọ́, Ládiípọ̀. Àwọn awọ̀nlẹ̀ ti dé ẹ̀yìn ilé Nojeem, aládùúgbò mi. Yẹ̀kínì àtàwọn ọmọ ilé ti ń tà. Mi ò bá wọn jà, ilẹ̀ wọn ni, ebi ń pa wọ́n. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá dé ibí, tí wọ́n ní kí lẹ ní níbí, kí la máa nawọ́ sí? Ògiri? Òjò ni yóò fi í lé wọn lọ́wọ́. Àmọ́ sàréè..." Ó mi orí. "Kò sí ọmọ Ìbàdàn tó máa gbé katapílà gun sàréè. Wọn kì í ṣe irú ìyẹn. Inú ọgbà yẹn ni kí ẹ sin mí sí."

"Ẹ̀gbọ́n mi! Sóko?"

"Kí ló fi jẹ́ oko? Níbo ni mo ti lo ayé mi? Ní Bẹ́yẹrúnkà, bí mo bá dé, mo gbọ́dọ̀ béèrè ibi tí wọ́n ń gbé omi sí. Ibí ni mo mọ̀. Gbogbo ẹni tó tẹ amọ̀ ilé yìí, a gbé wọn lọ, a fi ilé sílẹ̀ ní òun nìkan. Ṣọ́ọ̀ṣì tí kò lókùú, ta ló fẹ́ máa ṣọ́ ọ?"

"Mo gbọ́."

"Mi ò ní kí o gbọ́. Sọ pé o máa ṣe é."

Ọládiípọ̀ wo fèrèsé tí orí rẹ̀ wọ́ yẹn. "Mo máa ṣe é," ó ní.

Ó ti kó àpò rẹ̀ wá sí abà kí oṣù náà tó parí. Òjò ọdún yẹn kò mọ ìgbà tó yẹ kí ó dá. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan igun ògiri kan rún wálẹ̀ láìpariwo, bí ẹni tí oorun gbé lọ. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni Ẹ̀bùnọlá kò lè dìde mọ́. Èémí rẹ̀ ń han. Kò jẹun, omi nìkan ló ń mu, Ọládiípọ̀ ló ń fi ṣíbí fún un. Ó sọ fún gbogbo ẹni tó bá wá kí i, láti orí Bàbá Ìjọ títí kan Nojeem, Mùsùlùmí tí ilé rẹ̀ múlé ti tiwọn, pé ọgbà ni òun ń lọ. Nojeem ní, "Ìyá, ẹ má kánjú, ilẹ̀ ṣì tutù, òtútù á mú yín níbẹ̀." Ẹ̀bùnọlá rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ìyẹn ni Ọládiípọ̀ gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ mọ.

Ìròyìn kì í pẹ́ dé Ìbàdàn. Gbénga, ọmọ kan ṣoṣo tí Ẹ̀bùnọlá bí, tó ń ta wáyà iná ní Gbági, gbé mọ́tò dé pẹ̀lú ẹrọ̀fọ̀ títí dé ojú gíláàsì. Nígbà tí ó rí ìyá rẹ̀ lórí ẹní, ó kúnlẹ̀.

"Bàbá Jọ́ọ̀sì," ó ní, "ẹ ń wò ó báyìí?"

"Ó ní a ò gbọdọ̀ gbé òun."

"Ó ní! Aláìsàn ní! Bó bá ní kí ẹ pa òun ńkọ́? Dókítà wà nílé. Omi ló wà láyà rẹ̀, wọ́n ń fa omi. Ìyàwó mi, nọ́ọ̀sì ni, ó ní kí n gbé e wá kíákíá, ó ní wọ́n lè fà á."

"Bí wọ́n bá fà á, tí ara rẹ̀ yá, wàá gbé e padà?"

"Mo fi Ọlọ́run búra."

Ẹ wò ó, kí ni kí èèyàn ṣe? Ọládiípọ̀ mọ ohun tí òun sọ. Ó sì mọ̀ pé bí wọ́n bá lè fa omi náà lóòótọ́, tí òun bá sọ pé rárá, òun ló pa ẹ̀gbọ́n òun. Kò rí ibi tí ẹsẹ̀ lè gbà láàárín méjèèjì. Ó ronú títí Gbénga fi bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, ọkùnrin tó ti ń hewú. Nígbà náà ni ó bẹ̀rẹ̀, ó gbá ẹsẹ̀ tó wú yẹn mú, Gbénga mú apá, wọ́n gbé e lọ sínú mọ́tò. Ẹ̀bùnọlá la ojú. Kò wo ọmọ rẹ̀. Àbúrò rẹ̀ ló ń wò.

"Ládiípọ̀," ó ní, "ilé kọ́ o."

Wọ́n fa omi náà. Ó kú ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, ní àkókò tí wọ́n ń gbé oúnjẹ fún àwọn tí bẹ́ẹ̀dì wọn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀. Ọládiípọ̀ jáde sí ẹ̀yìn wọ́ọ̀dù, ó fi fóònù pe Nojeem. Bóyá ìbànújẹ́ ló jẹ́ kí ó sọ ohun tí kò tíì ní àṣẹ láti sọ. "Ẹ gbẹ́ ẹ," ó ní. "A ń gbé e bọ̀."

Nígbà tí ó dé ilé Ògúndẹ́pò, wọ́n ti jókòó dè é. Yẹ̀kínì wà lórí àga, Gbénga lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, Alhaja Kúbúrá, àgbà obìnrin ilé, sì wà lórí ẹní pẹ̀lú tẹ̀sùbáà. Ọládiípọ̀ rò pé òun àti Yẹ̀kínì ló máa sọ ọ́ bí ọ̀rẹ́, ṣùgbọ́n Mọ́gàjí ló jókòó síbẹ̀, ó sì ní láti bá a sọ̀rọ̀ bí Mọ́gàjí.

"Mọ́gàjí, ẹ jọ̀ọ́. Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ni. Ó ní ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì."

"Innà lillàhi," Kúbúrá ní. "Jọ́ọ̀sì ni wọ́n ti kọ́ ọ nìyẹn? Ẹni tí a ò mọ baba ẹ̀ là ń fi sóko. Ẹrú tó sá là ń fi sóko. Ọmọ Ògúndẹ́pò, tí ojú oórì baba ẹ̀ wà níwájú yàrá níbí yìí, ni o fẹ́ kí a kó dà nù bí ìdọ̀tí?"

"Kì í ṣe dídànù, Alhaja. Ṣọ́ọ̀ṣì ni."

"Ṣọ́ọ̀ṣì wà nílé! Ó pọ̀ nílé ju mọ́ṣáláṣí lọ!"

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Yẹ̀kínì kò rẹ́rìn-ín. "Ládiípọ̀," ó ní jẹ́ẹ́jẹ́, "bó bá jẹ́ ibẹ̀ ló kú sí, tí o sì sọ fún mi pé ó ní kí ẹ má gbé òun, mo lè di ojú mi. Àwọn kan á bú mi, mo lè fara dà á. Ṣùgbọ́n ó ti wálé. Ìwọ náà bá wọn gbé e wálé. Òkú kì í kúrò nílé lọ sóko. Taa ni mo máa sọ fún?"

Ọládiípọ̀ yíjú sí Gbénga. "Ìwọ lo ni ìyá. Sọ̀rọ̀."

Gbénga wo ilẹ̀. "Bàbá Jọ́ọ̀sì, mo búra pé bí ara rẹ̀ bá yá ni." Ó fi ọwọ́ nu ojú. "Níbí, bí mo bá ti ń bọ̀ láti ọjà, mo lè yà kí i. Oko yẹn, lẹ́yìn yín, ta ló máa dé bẹ̀?"

Ọládiípọ̀ bọ́ fìlà rẹ̀, ó jókòó. Fíkà, àlùfáà tó wá láti ìjọ ìyá, sọ pé ibi tí ẹbí bá fohùn ṣọ̀kan sí ni òun yóò ti ka àdúrà ìsìnkú. Wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ níwájú yàrá bàbá wọn. Wọ́n kọrin, àwọn Mùsùlùmí ilé ka fàtíhà tiwọn, gbogbo rẹ̀ lọ létòlétò, ẹ̀yẹ pọ̀ níbẹ̀ gan-an. Kí ilẹ̀ tó ṣú wọ́n ti fi sìmẹ́ńtì dán ojú rẹ̀. Nígbà tí Ọládiípọ̀ jáde ní àárọ̀, adìẹ ti rìn kọjá lórí sìmẹ́ńtì tútù náà, ẹnì kan sì ti gbé àpótí mínírà tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́. Kò sẹ́ni tó fi ibi ṣe é. Bí wọ́n ṣe ń gbé pẹ̀lú àwọn òkú wọn nìyẹn.

Ó padà sí abà ní ọjọ́ náà. Láti ìkòríta ló ti ń rántí pé òun kò tún pe Nojeem.

Gbogbo wọn ló wà nínú ọgbà. Bàbá Ìjọ ti wọ aṣọ funfun, àwọn ìyá àgbà mẹ́rin tó ṣẹ́kù nínú ìjọ jókòó sórí àga tí wọ́n gbé jáde, ìwé orin lórí itan. Wọ́n ti wá lánàá, wọ́n tún wá lónìí. Ní àárín àwọn pèrègún, Nojeem ti gbẹ́ sàréè kan, ó jìn, igun rẹ̀ gún, ó tẹ́ ewé sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Sàréè àkọ́kọ́ tí Abà Ọ̀gànwó máa ní. Nojeem wo ẹ̀yìn Ọládiípọ̀ bóyá mọ́tò ń bọ̀.

"Wọ́n ti sin ín," Ọládiípọ̀ ní. "Nílé."

Ìyá kan kígbe lẹ́ẹ̀kan, ó sì panu dé. Kò sẹ́ni tó bi í bó ṣe jẹ́. Ọmọ Ìbàdàn ni gbogbo wọn. Wọ́n mọ bó ṣe jẹ́.

Nojeem ní, "Kí la fẹ́ ṣe sí eléyìí?"

Wọ́n wo ihò náà. Ilẹ̀ tí a bá là fún òkú, tí a kò rí òkú gbé fún un, a kì í fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, a kì í sì í dí i lófìfo. Ẹnikẹ́ni tó bá gbọ́ òórùn rẹ̀ ló lè pè wọ inú rẹ̀.

"Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni wọ́n ń sin," Nojeem ní. "Ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀. Bí àwọn bàbá wa ṣe ń ṣe é nìyẹn."

"Nínú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì?" Bàbá Ìjọ yọ gíláàsì ojú rẹ̀. "Kí Fíkà wá bá mi pé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni mo kọ́kọ́ sin síbí? Kèfèrí gbáà nìyẹn."

"Kò burú, Bàbá. Ẹ̀yin náà ẹ wọ̀ ọ́ ná."

Nígbà mìíràn gbogbo wọn ì bá ti rẹ́rìn-ín. Bàbá Ìjọ wo inú ihò náà, ó wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀, ó sì sún sẹ́yìn díẹ̀. "Mi ò ní ka nǹkan kan lé e lórí o," ó ní. Ìyẹn ni ìdáhùn rẹ̀.

Nojeem mú àdá, ó lọ sí ẹ̀yìn ilé rẹ̀ níbi tí òpó sìmẹ́ńtì àwọn awọ̀nlẹ̀ ti dé. Wọ́n gbọ́ nígbà tí igi náà wó, ó wó jẹ́ẹ́jẹ́, bí igi omi ṣe máa ń wó. Ọládiípọ̀ lọ bá a. Nojeem ti gé ewé orí rẹ̀ kúrò, ó ti gbé àdá lé ìtì náà láàárín, ó ń wá ibi tó máa ti dá a sí méjì kí ó lè rọrùn láti gbé.

"Dúró," Ọládiípọ̀ ní.

Ó bẹ̀rẹ̀. Ó fi ìka wọn ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà láti ìdí, bí ó ṣe máa ń wọn ẹni tó bá wá dá aṣọ lọ́dọ̀ rẹ̀, ó wọ̀n ọ́n lọ sókè, sókè, ó kọjá ibi tí Nojeem gbé àdá lé. Omi ọ̀gẹ̀dẹ̀ ta sí i lọ́wọ́, kò nù ún.

"Ibí ni kí o gé e dé," ó ní. "Ẹ̀gbọ́n mi ga."